Pápákọ̀ Òfurufú Tó Ń Dúró De Bàálù: Lumbini àti Àtìlẹ́yìn Ìjọba

Ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ayẹyẹ méjì bọ́ sí ọjọ́ kan náà ní gúúsù Nepal. Ọjọ́ ìbí Búdà ni. Láàárọ̀, Sher Bahadur Deuba, tó jẹ́ olóòtú ìjọba nígbà náà, ṣí pápákọ̀ òfurufú tuntun tí wọ́n sọ ní Gautam Buddha ní ìlú Bhairahawa. Bàálù àkọ́kọ́ láti òkè òkun balẹ̀ síbẹ̀, ti iléeṣẹ́ Jazeera, láti Kuwait. Bí Deuba ti ṣe tán níbẹ̀ ló forí lé Lumbini, ìrìn nǹkan bíi ogún kìlómítà, láti lọ pàdé Narendra Modi, olóòtú ìjọba Íńdíà, tó wá júbà níbi tí wọ́n bí Búdà sí.

Modi kò gba pápákọ̀ tuntun wọlé. Hẹlikópítà ló gbé e láti Kushinagar ní Íńdíà, ó sì balẹ̀ sí Lumbini gan-an, níbi tí wọ́n ti palẹ̀ mọ́ fún un. Kò sí ẹni tó bọ́ síta wá ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Kathmandu, olú-ìlú Nepal, àti ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn àti ẹni tó ń rà á, kò sí èyí tí kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ lábẹ́lẹ̀: agbaṣẹ́ṣe ilẹ̀ Ṣáínà ló kọ́ pápákọ̀ náà, Íńdíà kò sì ní fẹ́ kí olórí òun jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà títí di ìsinsìnyí, bàálù òkè òkun tó ń balẹ̀ ní Bhairahawa kò tó nǹkan. Ọ̀pọ̀ oṣù wà tí ẹyọ kan kò wá. Ìjọba ti ná owó, ó ti jẹ gbèsè, ó ti ṣí ilẹ̀kùn, àwọn tí wọ́n tìtorí wọn kọ́ ọ kò sì gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀rọ̀ náà ju ìjà Ṣáínà àti Íńdíà lọ, ó ti pẹ́ tó ti ń bọ̀.

Lumbini ni àwọn ẹlẹ́sìn Búdà gbà pé ayaba Maya Devi ti bí Siddhartha Gautama, ẹni tó wá di Búdà. Ìtàn ní ó ń ti Kapilavastu lọ sílé àwọn òbí rẹ̀ ní Devadaha ni ìrọbí bá mú un nínú ọgbà kan lójú ọ̀nà. Kí Búdà tó kú, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé mímọ́ wọn, ó ka ibi mẹ́rin fún Ananda ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, tó yẹ kí olùfọkànsìn dé: ibi tí wọ́n bí òun sí, ibi tí ojú òun ti là sí òtítọ́, ibi tí òun ti kọ́kọ́ wàásù, àti ibi tí òun yóò kú sí. Lumbini, Bodh Gaya, Sarnath, Kushinagar. Mẹ́ta nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà ní Íńdíà òde òní. Lumbini nìkan ló bọ́ sí Nepal, kò sì jìnnà sí ẹnubodè rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìṣirò yìí sọ́kàn, torí òun ni àwọn tó ń ṣe ètò ní Nepal gbàgbé léraléra.

Ọgbà náà sọnù sínú igbó fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn mọ́ńkì Ṣáínà méjì, Faxian ní ọgọ́rùn-ún ọdún karùn-ún àti Xuanzang ní ìkeje, ti débẹ̀ wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Ọba kan tó ń jẹ́ Ripu Malla fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sára òpó òkúta tó wà níbẹ̀ ní nǹkan bíi 1312. Lẹ́yìn ìyẹn, ibẹ̀ dákẹ́. Oṣù Kejìlá ọdún 1896 ni ọ̀gágun Khadga Shumsher Rana ti Nepal àti ọmọ Jámánì kan tó ń ṣiṣẹ́ awalẹ̀pìtàn fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà, Alois Führer, gbẹ́ ilẹ̀ ìdí òpó náà, tí àkọlé tó ti pẹ́ jù lára rẹ̀ sì yọ síta. (Führer fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń fi ọkàn tán. Kò ju ọdún méjì lọ lẹ́yìn náà tí àṣírí fi tú pé ó ń ta àwọn ohun mímọ́ ayédèrú fún mọ́ńkì kan ní Burma, ìyẹn Myanmar òde òní, ló bá kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Òpó náà kì í ṣe ayédèrú ní tiẹ̀.)

Ọba Ashoka ti Íńdíà àtijọ́ ló ní kí wọ́n gbé òpó yẹn dúró, ní nǹkan bíi 249 ṣáájú ìbí Jésù, nígbà tó pé ogún ọdún lórí oyè. Àkọlé náà kò gùn. Ó ní ọba wá fúnra rẹ̀, ó júbà, torí ibí yìí ni wọ́n bí Búdà sí; ó gbé òkúta dúró; ó sì mú owó orí kúrò lọ́rùn abúlé Lumbini, pé ìdá kan nínú mẹ́jọ irè oko ni kí wọ́n máa san. Lójú tèmi, gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló níyì jù. Ọba tó wá bẹ ibi mímọ́ wò, ẹni tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ibi mímọ́ náà ló rántí. Kò kọ́ ilé àlejò, kò ṣí ojú pópó tuntun nínú àkọlé yẹn. Ó ní kí owó orí àgbẹ̀ dínkù.

Àwọn tó wá lẹ́yìn Ashoka ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì àti igba ó lé díẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn.

Owó kò wọ́n

Ní ọdún 1967, U Thant, ọmọ Burma tó jẹ́ akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, tó sì jẹ́ ẹlẹ́sìn Búdà, ṣàbẹ̀wò sí Lumbini. Wọ́n ní omi bọ́ lójú rẹ̀ nígbà tó rí bí ibẹ̀ ṣe rí: òpó, ilé òrìṣà kékeré kan, oko. Ó gbà á lérò pẹ̀lú Ọba Mahendra ti Nepal, nígbà tó sì di 1970, wọ́n ti dá ìgbìmọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè sílẹ̀ láti tún ibẹ̀ ṣe. Iṣẹ́ yíya àwòrán ètò náà bọ́ sọ́wọ́ Kenzo Tange, ayàwòrán-ilé ará Jàpáànì tó ya ọgbà ìrántí Hiroshima. Ọdún 1978 ni wọ́n fọwọ́ sí ohun tó yà.

Àwòrán Tange dára, èmi kò ní purọ́. Ilẹ̀ tó gùn ní máìlì mẹ́ta tó sì fẹ̀ ní máìlì kan, ó pín in sí mẹ́ta láti gúúsù lọ sí àríwá. Ọgbà mímọ́ wà ní gúúsù, níbi tí òpó Ashoka àti ibi ìbí Búdà wà; kò sí ilé gíga, omi ló yí i ká. Àárín ni ilé àwọn mọ́ńkì, tí odò àtọwọ́dá kan tó tọ́ bí ọ̀pá là sí méjì: ìlà-oòrùn fún àwọn ọmọ ìjọ Theravada, ìwọ̀-oòrùn fún Mahayana, ẹ̀ka méjì nínú ẹ̀sìn Búdà. Àríwá ni abúlé àlejò, tí òtẹ́ẹ̀lì, ibi ìkówèésí àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wà. Ohun tí Tange ń rò ni pé kí ẹni tó ń bọ̀ wọlé láti ibi ariwo, kó máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, kí ọkàn rẹ̀ máa balẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ibi ìbí.

Kí ilẹ̀ náà lè ṣófo fún àwòrán yìí, wọ́n kó àwọn abúlé tó wà níbẹ̀ kúrò. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń gbé agbègbè náà jẹ́ ẹlẹ́sìn Híńdù àti Mùsùlùmí, àgbẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ Terai, kì í ṣe ọmọlẹ́yìn Búdà. Ẹni tí kò ní í jọ́sìn níbẹ̀ ló yọ̀ǹda ilẹ̀ bàbá rẹ̀ fún ẹni tí yóò jọ́sìn. Ìlérí iṣẹ́ àti ọjà ni wọ́n bá lọ.

Ọdún 1985 ni ìjọba fi òfin dá àjọ tó ń bójú tó ìdàgbàsókè Lumbini sílẹ̀. Ní 1997, UNESCO kọ orúkọ ibẹ̀ sínú ìwé àjogúnbá àgbáyé, ìwé kan náà tí Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wọ̀ ní 2005. Iṣẹ́ Tange ń lọ, àmọ́ bí ìgbín ló ń lọ. Ìjọba Nepal ń yí padà léraléra: rògbòdìyàn 1990 tó mú ètò ẹgbẹ́ òṣèlú padà wá, ogun abẹ́lé ọdún mẹ́wàá láti 1996, ọba tí wọ́n rọ̀ lóyè ní 2008. Bí ẹgbẹ́ òṣèlú kan bá ti gorí àga, ó fẹ́ fi èèyàn tirẹ̀ sí orí àjọ Lumbini. Àwòrán tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1978 kò tíì parí pátápátá lẹ́yìn ogójì ọdún.

Síbẹ̀ kì í ṣe owó ló wọ́n wọn. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló fẹ́ ní ilé tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò Tange. Myanmar kọ́, Thailand kọ́, Sri Lanka kọ́, Ṣáínà, Kòríà, Vietnam, àwọn ará Jámánì, àwọn ará Faransé. Àwọn mọ́ńkì Jàpáànì kọ́ pagoda funfun ńlá kan fún àlàáfíà ní ìparí àríwá. Ẹni tó bá rìn láàárín àwọn ilé wọ̀nyí yóò rí ọgbọ́n ọwọ́ gbogbo Éṣíà ní ọ̀sán kan. Ní ọjọ́ tí mo ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, Modi náà fi òkúta ìpìlẹ̀ ilé àṣà Búdà ti Íńdíà lélẹ̀ níbẹ̀.

Ìṣòro kan wà nínú àwọn ilé ẹlẹ́wà wọ̀nyí tí àwọn olókòwò Lumbini kì í yé sọ. Púpọ̀ nínú wọn ń gba àlejò sùn. Arìnrìn-àjò láti Kòríà lè sùn sí ilé àwọn mọ́ńkì Kòríà, kó jẹun níbẹ̀, kó fi ọrẹ sílẹ̀, kó máa lọ. Bí ìsìn ṣe rí nìyẹn, kò sí àbùkù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí wọ́n ní àlejò yóò máa ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, owó wo ló kàn án nínú ọrẹ yẹn?

Àsọdùn náà kò gbẹ́yìn. Ní 2011, àjọ kan tó fìdí kalẹ̀ sí Hong Kong, tí Pushpa Kamal Dahal (Prachanda) olórí àwọn ọlọ̀tẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí wà nínú rẹ̀, kéde pé òun fẹ́ kó bílíọ̀nù 3 dọ́là wá sí Lumbini: pápákọ̀, òtẹ́ẹ̀lì, yunifásítì. Ìjọba Nepal ní wọn kò bá òun sọ ọ́. Ariwo náà ròkè, ó sì rọlẹ̀. Kò sí bílíọ̀nù kankan.

Ọ̀nà kan wọ ọjà

Pápákọ̀ òfurufú nìkan ló jáde láti inú ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn di òtítọ́. Bhairahawa ti ní pápákọ̀ kékeré fún ìrìnàjò abẹ́lé tipẹ́. Ohun tí ìjọba fẹ́ ni kó di ti àgbáyé, èkejì irú rẹ̀ ní Nepal lẹ́yìn ti Kathmandu, tó kún àkúnya, tí òkè sì há a mọ́. Báńkì Ìdàgbàsókè Éṣíà mú owó wá, àjọ OPEC fún ìdàgbàsókè náà dá sí i. Agbaṣẹ́ṣe Ṣáínà gba iṣẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2015. Ojú ọ̀nà bàálù gùn ní mítà 3,000. Owó tí wọ́n ń dárúkọ jẹ́ bíi mílíọ̀nù 76 dọ́là.

Ọdún 2017 ló yẹ kí iṣẹ́ parí. Ṣùgbọ́n oṣù Kẹrin 2015 ni ìmìtìtì ilẹ̀ pa èèyàn tó sún mọ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ní Nepal. Kí ọdún náà tó parí, ẹnubodè Íńdíà dí fún oṣù mélòó kan nítorí ìjà lórí òfin ìpìlẹ̀ tuntun Nepal. Epo kò wọlé, sìmẹ́ńtì kò wọlé. Agbaṣẹ́ṣe ńlá àti agbaṣẹ́ṣe abẹ́lé tún ń bá ara wọn fa owó. Lẹ́yìn náà ni Kòrónà dé. Bí wọ́n ṣe dé 2022 nìyẹn. Kò sí ìkankan nínú èyí tó ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti wo iṣẹ́ ìjọba ní Nàìjíríà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ ni ojú ọ̀run.

Íńdíà ló yí Nepal ká ní ìlà-oòrùn, gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn. Òkè Himalaya àti Ṣáínà ló wà ní àríwá. Púpọ̀ jù lọ nínú bàálù tó ń ti òkè òkun bọ̀ ló ń la òfurufú Íńdíà kọjá, ẹnu ọ̀nà tí púpọ̀ jù nínú wọn sì ń gbà wọ Nepal ni ti Simara, tó dojú kọ Kathmandu ní gúúsù. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọjà. Ti ojú ọ̀run Nepal, ọ̀nà kan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tó wọ̀ ọ́. Bàálù tó ń bọ̀ láti Dubai tàbí Kuwait, láti ìwọ̀-oòrùn, yóò ré kọjá Bhairahawa, yóò lọ sí Simara, yóò sì padà sẹ́yìn. Epo ń jó, àkókò ń lọ, owó ìwé ìwọlé sì ń wọ́n sí i. Nepal bẹ Íńdíà pé kó ṣí ẹnu ọ̀nà mìíràn ní apá Bhairahawa. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ lọ́dún dé ọdún, lábẹ́ olóòtú ìjọba kan sí èkejì. Íńdíà kò ṣí i.

Ó tún ku ẹ̀rọ tó ń darí bàálù balẹ̀ nígbà tí kùrukùru bá bo ilẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ní Terai, ìgbà òtútù ni kùrukùru máa ń nípọn jù, ìgbà òtútù yẹn náà sì ni àwọn arìnrìn-àjò ìsìn ń wá, torí ooru ìgbà ẹ̀rùn kò ṣeé fara dà. Nítorí pé pápákọ̀ náà sún mọ́ ààlà, bàálù tó ń balẹ̀ yóò gba ojú ọ̀run Íńdíà díẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹ̀rọ náà fi wà nílẹ̀, tó ń dúró de ìyọ̀ǹda aládùúgbò.

Ìbéèrè tí kò kúrò lọ́kàn mi ni pé ta ló yẹ kó béèrè ọ̀nà yìí kí wọ́n tó da kọnkéré àkọ́kọ́? Máàpù wà. Kò sí ẹni tí kò mọ ibi tí Íńdíà wà. Àwọn tó ń yá Nepal lówó ka iye èrò tí yóò máa wá, wọ́n wọn ojú ọ̀nà bàálù, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ ojú ọ̀run sílẹ̀ fún òṣèlú pé yóò yanjú bó bá yá. Pokhara, ìlú mìíràn ní Nepal, ṣe é bákan náà: pápákọ̀ òfurufú àgbáyé kẹta, owó yíyá láti Ṣáínà, ṣíṣí rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2023, bàálù òkè òkun díẹ̀ kín-ún.

Àwọn olókòwò Bhairahawa àti Lumbini ti gbọ́ ìròyìn ayọ̀ náà ṣáájú. Wọ́n yá owó báńkì, wọ́n kọ́ òtẹ́ẹ̀lì. Yàrá ti pọ̀ ju èrò lọ, èlé kò sì dúró de bàálù.

Nígbà tí Kathmandu ń ti pápákọ̀ rẹ̀ fún wákàtí mẹ́wàá lálaalẹ́ láti ìparí 2024 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2025 nítorí iṣẹ́ àtúnṣe, ìjọba dín owó kù fún iléeṣẹ́ bàálù tó bá gbà láti lọ sí Bhairahawa. Díẹ̀ gbà. Ó fi hàn pé bàálù lè balẹ̀ níbẹ̀ láìsí wàhálà. Ó tún fi hàn ẹni tó nílò ibẹ̀ gan-an: ọ̀dọ́kùnrin pẹ̀tẹ́lẹ̀ Terai tó ń lọ síṣẹ́ ní ilẹ̀ Lárúbáwá. Mo ti sọ pé bàálù àkọ́kọ́ láti Kuwait ló ti wá. Kuwait kì í ṣe ilẹ̀ ẹlẹ́sìn Búdà. Ilẹ̀ tí ọmọ Nepal ti ń wá owó ránṣẹ́ sílé ni. Bí ìjọba bá ti pè é ní pápákọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, bóyá ìṣirò wọn ì bá ti tọ̀nà díẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ Búdà ló ń rí owó gbà.

Ibi mẹ́rin, ìrìnàjò kan

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ náà láti ojú ìyá àgbà kan ní Thailand tó ti ń tọ́jú owó pamọ́ láti dé ilẹ̀ Búdà kó tó kú. Kò wá wo Lumbini nìkan. Ibi mẹ́rin ló fẹ́ dé. Láti 2002 ni Íńdíà ti ṣí pápákọ̀ Gaya fún bàálù òkè òkun, ó sì sún mọ́ Bodh Gaya pẹ́kípẹ́kí. Nígbà òtútù, bàálù láti Bangkok, Colombo àti Yangon ń balẹ̀ síbẹ̀. Ìyá náà balẹ̀ ní Gaya, ó wọ bọ́ọ̀sì pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, ó dé Sarnath, ó dé Kushinagar, bọ́ọ̀sì gba Gorakhpur lọ sí ẹnubodè Sunauli, ó wọ Nepal. Ó wo òpó Ashoka, ó kúnlẹ̀ níbi òkúta tó fi ibi ìbí hàn, ó gbàdúrà. Ní alẹ́ ọjọ́ náà tàbí àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti padà sí Íńdíà, níbi tí bàálù tó ń gbé e lọ sílé ti ń dúró dè é. Físà Íńdíà rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó lè padà wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo owó ńlá inú ìrìnàjò yẹn, Íńdíà ló gbà á. Owó ọjà wẹ́wẹ́, omi àti ilẹ̀kẹ̀ àdúrà ló kù sí Lumbini.

Íńdíà pàápàá kò fi ti Gaya mọ. Ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá 2021 ni Modi ṣí pápákọ̀ àgbáyé Kushinagar, tí bàálù Sri Lanka kó ju ọgọ́rùn-ún èèyàn wá, mọ́ńkì àti ìjòyè. Ọjọ́ náà lárinrin. Bàálù òkè òkun kò wọ́pọ̀ níbẹ̀ láti ìgbà náà. Orílẹ̀-èdè méjì kọ́ pápákọ̀ méjì sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n bí ẹnì kan àti ibi tó kú sí, láàárín oṣù méje síra wọn. Olùfọkànsìn tí àwọn méjèèjì ń retí, ẹnì kan náà ni, ó sì ti balẹ̀ ní Gaya.

Bí mo bá jẹ́ olùdámọ̀ràn ìjọba Nepal, ohun tí mo máa ní kí wọ́n lé ni alẹ́ kan sí i. Ìyá yẹn yóò ṣì gba Gaya wọlé, kò burú. Kí ló lè mú un sun alẹ́ kejì, alẹ́ kẹta, ní Nepal? Ohun tó lè mú un wà nílẹ̀, wọn kò sì ní láti kọ́ ọ. Tilaurakot wà ní nǹkan bíi wákàtí kan sí Lumbini, ibi tí Nepal gbà pé ààfin bàbá Búdà wà. Ògiri ìlú àtijọ́ àti ẹnu ibodè rẹ̀ ti yọ jáde nínú ilẹ̀. Ramagrama wà ní ìlà-oòrùn, òkìtì kan tí wọ́n gbà pé eérú Búdà wà nínú rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú wò. Nínú mẹ́jọ tí wọ́n pín eérú náà sí ní ìbẹ̀rẹ̀, òun nìkan ni ìtàn ní Ashoka fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Niglihawa àti Gotihawa ní òpó Ashoka tiwọn. Ẹni tó bá fẹ́ wo wọn tán kò lè padà sí Gorakhpur ní ọjọ́ kan. Ọ̀nà dáadáa, ilé ìyàgbẹ́ mímọ́, ọmọ agbègbè tó mọ ìtàn tó sì gbọ́ èdè àlejò, bọ́ọ̀sì kan tó ń yí po. Kò sí èyí tí olóòtú ìjọba lè gé rìbọ́nù sí tí tẹlifíṣọ̀n yóò fi gbé e sáfẹ́fẹ́, ìdí nìyẹn tí kò fi tíì ṣẹlẹ̀ bó ṣe yẹ.

Owó tó so èso jù ní Lumbini, lójú tèmi, ló kéré jù nínú gbogbo rẹ̀. Jàpáànì fún UNESCO lówó láti 2010 kí wọ́n lè walẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. Robin Coningham ti yunifásítì Durham àti Kosh Prasad Acharya ti Nepal ló darí iṣẹ́ náà. Ní 2013, wọ́n kéde pé lábẹ́ bíríkì tẹ́ńpìlì Maya Devi, àwọn rí ihò òpó igi ojúbọ kan tó ti wà ní nǹkan bíi ọgọ́rùn-ún ọdún kẹfà ṣáájú ìbí Jésù, tí àárín rẹ̀ ṣófo, tí gbòǹgbò igi sì wà níbi òfìfo náà. Ìròyìn yẹn gba gbogbo ayé kan. Ó tẹ ìtàn Lumbini sẹ́yìn ju Ashoka lọ, ó sì fún ìyá àgbà wa ní ohun tó fẹ́ rí.

Ilẹ̀ yẹn gan-an ló wà nínú ewu báyìí. Lójú ọ̀nà láti Bhairahawa sí Lumbini, àwọn iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì, irin àti bíríkì ló tò lọ bẹẹrẹ. Èéfín àti eruku wọn ń bà lé òpó Ashoka àti ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọ ilé ìwé bákan náà. Ìjọba tó ń pe Lumbini ní iṣẹ́ tí orílẹ̀-èdè fi ń yangàn náà ló ń fún àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí níwèé àṣẹ. Nínú tẹ́ńpìlì, omi ń fà láti ìsàlẹ̀ sínú bíríkì àtijọ́. Oṣù Keje 2024, nígbà tí ìgbìmọ̀ àjogúnbá àgbáyé ṣèpàdé ní New Delhi, wọ́n gbé àbá kalẹ̀ pé kí wọ́n kọ Lumbini mọ́ àwọn ibi tó wà nínú ewu. Ìgbìmọ̀ náà kò ṣe é nígbà náà. Ó fún Nepal láyè sí i láti tún ilé ṣe. Ohun tí ìgbìmọ̀ yẹn ń béèrè kò kan bàálù rárá. Ó ń béèrè bí wọn yóò ṣe tọ́jú tẹ́ńpìlì, àti ohun tí wọn yóò ṣe sí àwọn iléeṣẹ́ tó yí ibẹ̀ ká.